Ọmọbìnrin mi ń wọ JSS 1 ní Ìkòròdú: yàtọ̀ sí ìwé àti aṣọ, kí ni kí n ṣe fún un?

Aránṣọ Ìgbógbó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ìgbógbó ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń rán. Àkọ́bí mi, obìnrin, ọmọ ọdún 11, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pírámárì 6. Wọ́n ti fún un láyè ní ilé-ìwé girama kékeré ìjọba kan nínú ìlú Ìkòròdú. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa wọlé.

Láti ìgbà tí ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀, yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ ló kún ṣọ́ọ̀bù mi. Gbogbo ìyá tó bá wọlé ló máa ń sọ pé kí n má gé e mọ́ ọn lára, kí n ká etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú dáadáa torí ọmọ á ga. Mo máa ń bi wọ́n pé, yàtọ̀ sí aṣọ, kí lẹ tún ń pèsè sílẹ̀? Wọ́n á ka báàgì, ìwé, bàtà, àdá, ìgbálẹ̀. Èmi náà ti ra gbogbo ìyẹn. Èyí tí wọn kì í tà lọ́jà ni mo wá bèèrè níbí.

Pírámárì tó ti jáde wà ní àdúgbò wa. Tí mo bá gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ mi, mò ń rí géètì wọn. Tíṣà kan ṣoṣo ló kọ́ ọ ní gbogbo ọdún tó kọjá, obìnrin náà sì mọ̀ pé tí inú bá ń run ọmọ mi, kì í sọ, ńṣe ló máa dorí kodò. Níbi tó ń lọ yìí, ọkọ̀ méjì ló máa wọ̀ kó tó débẹ̀, tíṣà á sì pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ta ló máa mọ̀ ọ́n nínú wọn?

Mi ò kàwé kọjá JSS 2. Tí wọ́n bá fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá Basic Technology, mi ò mọ ibi tí mo ti máa mú un. Àpápá ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Òun ní ká ra fóònù fún un kí ọkàn wa lè balẹ̀. Àbúrò mi ní kí n fi í sí lẹ́sìnnì láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Ọmọ fúnra rẹ̀ ti dákẹ́. Ó máa ń ṣí báàgì tuntun yẹn, á wò ó, á tún pa á dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọmọ dé JSS 1, àti ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ bá mi sọ òótọ́. Kí ni òbí lè ṣe gan-an?

Tíṣà Ìṣirò

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 1 nílé-ìwé ìjọba, apá Ẹ̀wù-Ẹlẹ́pẹ̀. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ má jẹ́ kí JSS 2 tẹ́ ẹ dúró sí já yín láyà. Mo ní àwọn ọmọ tí ìyá wọn ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì rárá, àmọ́ tó máa ń tú báàgì wọn wò, wọ́n sì ń ṣe dáadáa ju àwọn kan tí òbí wọn lọ yunifásítì lọ.

Lójú tèmi, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ló máa ń kọ́kọ́ da ọmọ JSS 1 láàmú, ká tó sọ pé iṣẹ́ náà le. Ní pírámárì, tíṣà kan náà ló ń kọ gbogbo nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, á sì dúró de ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò yá. Lọ́dọ̀ wa, agogo á lù, mo ní bí ìṣẹ́jú 40, agogo á tún lù, tíṣà mìíràn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí kò tíì kọ nóòtì tán á pa ìwé dé. Lọ́jọ́ kejì, orí ẹ̀kọ́ mìíràn la máa wà. Tó bá fi máa di àárín táàmù, ìwé rẹ̀ á ti ní àlàfo bí ẹnu ọmọ ọdún 7. Ìdánwò á dé, kò ní rí ohun tó máa kà, àwọn ará ilé á sì ní orí rẹ̀ ò pé. Orí rẹ̀ pé. Nóòtì ni ò pé.

Torí náà, ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tẹ́ ẹ bá ti palẹ̀ gbogbo aṣọ mọ́, ẹ ní kó kó gbogbo ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ sórí tábìlì tẹ́ ẹ fi ń gé aṣọ. Ẹ ò ní láti ka ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ wo déètì: ṣé wọ́n kọ nǹkan lọ́sẹ̀ yìí? Ẹ wò ó bóyá ojú ìwé kan wà láàárín tó kọ dé ìdajì tó fi sílẹ̀. Ẹ wo ìnkì pupa tíṣà. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí ẹ ò rí ìnkì pupa kankan nínú ìwé kan, ẹ bi í pé kí ló dé. Ibi tó bá ní àlàfo, kó yá ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kó fi dí i. Lẹ́yìn náà kó mú ẹyọ kan nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ, kó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Tó bá ṣàlàyé títí tó fi yé yín, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Níbi tó bá ti ń kólòlò, ibẹ̀ ni kó lọ bi tíṣà rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ti ìṣirò, ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ́ ọ. Ìdá wà lára ohun tí à ń kọ́ ní JSS 1. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń fi téèpù wọn àyà obìnrin, tẹ́ ẹ ń pín in sí mẹ́rin, tẹ́ ẹ ń fi àyè ìránpọ̀ kún un kẹ́ ẹ tó fi síṣọ́ọ̀sì kan aṣọ? Ẹ jẹ́ kó bá yín pín in. Tí mo bá kọ ìdá mẹ́rin sójú bọ́ọ̀dù, ọmọ tó ti fojú rí i lórí áńkárá kò ní bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ ní kó da táìmtébù kọ sórí ìwé méjì, ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ ara ògiri. Alaalẹ́ ni kó máa wò ó kó tó di báàgì. Òun ni kó dì í. Lọ́sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ jókòó tì í, lẹ́yìn ìyẹn ẹ kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bá di báàgì ló máa ń sọ fún mi ní kíláàsì pé, "Sà, màmá mi ò fi í sí i."

Ẹ má fi dandan lẹ́sìnnì sí i báyìí. Ọmọ tó kúrò nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, tó dé ní aago mẹ́ta, tẹ́ ẹ tún taari lọ lẹ́sìnnì di ìrọ̀lẹ́, orí ìwé ló máa sùn sí. Ẹ jẹ́ kí ìdánwò kékeré àkọ́kọ́ wáyé ná, ẹ máa mọ iṣẹ́ tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ìdánwò kékeré yẹn sì ṣe pàtàkì o. Nílé-ìwé tiwa, iṣẹ́ inú táàmù ló ń kó máàkì 40, ìdánwò ìparí á kó 60. Ìyá tí kò bèèrè nǹkan kan títí káàdì fi dé ní Oṣù Kejìlá, 40 ti lọ kó tó gbọ́.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ẹ lọ kí tíṣà kíláàsì rẹ̀. Ẹ má dúró de ìpàdé òbí. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ sọ fún wa yìí gẹ́lẹ́: "Tí inú bá ń run ún, kì í sọ, ńṣe ló máa ń dorí kodò." Ọmọ tó wà níwájú wa pọ̀, gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀ ló máa ń jẹ́ ká mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Bàbá Ìbejì Márúwá

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbógbó sí Sábó ni mò ń na. Ti ìwé kọ́ ni tèmi, ti ojú títì ni màá sọ.

Ẹ mú ọmọ yẹn rin ọ̀nà náà kí wọ́n tó wọlé. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Àìkú tí ọ̀nà máa dá. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, nígbà tí gbogbo ayé ń sáré. Kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣáájú. Òun ni kó bá awakọ̀ sọ ibi tó ń lọ, òun ni kó sanwó, òun ni kó gba ṣéńjì kó kà á. Ẹ̀yin ẹ jókòó, ẹ má sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tún padà wálé bẹ́ẹ̀, torí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ bọ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n já wọn sí láàárọ̀, ibẹ̀ lọmọ ti máa ń ṣìnà.

Ẹ̀yìn ni kó máa jókòó sí, láàárín àwọn obìnrin. Kó má jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ níwájú. Èmi awakọ̀ ni mò ń sọ ọ́ o. Kó má gun ọ̀kadà, bó ti wù kó pẹ́ tó. Kó má wọ kẹ̀kẹ́ tí ọkùnrin nìkan wà nínú rẹ̀, kó dúró de èyí tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ bàbá rẹ̀, òun máa gbé e délé lọ́fẹ̀ẹ́, kó sá fún un.

Ẹ rán àpò kékeré kan sínú síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níbi ìbàdí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Owó ọkọ̀ kan ni kó wà níbẹ̀, kó má fi ra bísíkíìtì láéláé. Lọ́jọ́ tí owó tó wà nínú báàgì bá sọ nù, ìyẹn ló máa gbé e délé. Mo ti gbé ọmọ iléèwé tó ń sunkún lọ́fẹ̀ẹ́ rí, àmọ́ gbogbo awakọ̀ kọ́ ló máa dúró.

Ní Sábó, ẹ mú un lọ kí obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ibi tó ti máa wọkọ̀. Ẹ rajà díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní ọmọ yín rèé. Tí òjò bá ká a mọ́ ibẹ̀, ó ní ibi tó máa yà sí.

Ẹ tún máa fetí sí ìkéde Ọrò. Ẹ mọ bí ìlú wa ṣe rí, lọ́jọ́ tí Ọrò bá ń jáde ní Ìkòròdú obìnrin ò gbọ́dọ̀ rìn. Ọmọ yín á máa ti Ìgbógbó wọ inú ìlú, ó lè má gbọ́ ohun tí wọ́n kéde lọ́hùn-ún. Kẹ́ ẹ máa bi ará inú ìlú kó tó di ọjọ́ náà.

Alàgbà Ìpakodò

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ń ṣe àṣejù. Nígbà tí mo ń lọ sílé-ìwé l'Ékòó, àárọ̀ àti ọ̀sán ni wọ́n pín wa sí. Èmi ń wọlé lọ́sàn-án, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń padà sílé. Jákàńdè tó di gómìnà ní 1979 ló fòpin sí ètò yẹn. Kò sí ìyá tó bá wa wọkọ̀, kò sí bàbá tó lọ kí tíṣà àyàfi tí wọ́n bá fìwé pè é. A ò kú, a ò ṣìnà. Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kó rìn.

Tíṣà Ìṣirò

Bàbá, ẹ ṣeun. Kò sí ìjà láàárín wa lórí kó rìn, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kó máa di báàgì fúnra rẹ̀. Àmọ́ láyé yín, tí ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù bá ń rìn kiri ní aago mẹ́wàá àárọ̀, gbogbo àgbà tó bá pàdé ló máa bi í pé ọmọ ta ni, kí ló dé tí kò sí nílé-ìwé. Tó bá dọ́wọ́ ọ̀sán, ìyá rẹ̀ ti gbọ́ nílé. Lónìí, tí mo bá dá ọmọ dúró lójú títì, àwọn èèyàn ló máa bi mí pé kí ló kàn mí. Ìyá yìí ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ wá ojú tó máa bá a wo ọmọ. Kò ní àṣejù nínú, sà.

Ìyá wa, ohun kan tí mo gbàgbé: òfin UBE ti ọdún 2004 ni pé ẹ̀kọ́ ọdún 9, pírámárì 6 àti JSS 3, jẹ́ ọ̀fẹ́ àti dandan nílé-ìwé ìjọba. Tí ọmọ bá délé pé wọ́n ní kí àwọn mú owó wá, ẹ kọ́kọ́ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì pirinsípà kẹ́ ẹ tó san án.

Nọ́ọ̀sì Odógunyàn

Ìyá àkọ́bí, ẹ kú ọmọ. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ ara ọmọ náà.

Ọmọ ọdún 11 ni. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin máa ń rí nǹkan oṣù wọn àkọ́kọ́ láàárín ọdún 10 sí 15, ó lè jẹ́ inú kíláàsì ló máa bá a. Mo ti rí ọmọ tó rò pé òun ti ṣèṣe, tó fi suwẹ́tà di ìbàdí títí wọ́n fi jáde. Ẹ jókòó sọ fún un nísinsìnyí. Ẹ fi páàdì hàn án, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátá níṣojú yín, kó mọ̀ pé tó bá ti tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ó yẹ kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi páàdì méjì àti pátá kan sínú ọ̀rá, kó wà nísàlẹ̀ báàgì rẹ̀ nígbà gbogbo. Kó mọ orúkọ tíṣà obìnrin kan tó lè lọ bá.

Ẹ tún bá mi mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí kò bá tíì gbà á. Ó ń dènà kòkòrò àrùn tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Oṣù Kẹwàá 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un.

Ẹ sọ fún un pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ara rẹ̀, ì báà jẹ́ sínióò, ì báà jẹ́ tíṣà, ì báà jẹ́ onímọ́tò. Kò sí iṣẹ́ kankan tó lè mú kó dá wà lọ́dọ̀ ọkùnrin nínú ọ́fíìsì lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ. Lọ́jọ́ tó bá wá sọ nǹkan fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má bi í pé kí ló lọ ṣe níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe gba ti àkọ́kọ́ lòun náà á fi pinnu bóyá òun máa sọ ìkejì. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó le, ìjọba Èkó ní iléeṣẹ́ kan fún un, DSVA ni wọ́n ń pè é.

Oorun: ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12. Tó bá máa jí ní aago márùn-ún, aago mẹ́jọ alẹ́ ló yẹ kó ti wà lórí ibùsùn. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù yín máa ń ṣí di alẹ́, kó má máa bá yín jókòó síbẹ̀.

Ti fóònù, mi ò bá ọkọ yín jà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ ra fóònù tọ́ọ̀ṣì kan, kó wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ yín, kí ọmọ máa fi pè yín tó bá ti dé. Kó mọ nọ́ńbà yín àti ti bàbá rẹ̀ lórí.

Àbíkẹ́yìn Ìmọ́tà

Ẹ kú alẹ́, mà. LASUSTECH, yunifásítì ìjọba Èkó, ni mo wà báyìí, níbí ní Ìkòròdú. Bíríkìlà ni bàbá mi, kò kàwé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní pírámárì lọ sí ilé-ìwé mìíràn, èmi nìkan ni mo dé JSS 1 níbi tí mo lọ. Tí mo bá délé, bàbá mi kì í bi mí pé kí ni wọ́n kọ́ mi. Ohun tó máa ń bi mí ni pé, "Ta lẹ jọ jẹun lónìí?" Nígbà tí mo ń sọ ṣáá pé èmi nìkan ni, kò bá mi sọ nǹkan kan. Ó ní kí n wá ẹni kan ní kíláàsì mi tó ń gbé lápá ọ̀dọ̀ wa, kí n ní kó wá kí wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìyá mi se ìkókorẹ́. Ọmọ yẹn ni mo ṣì ń pè lọ́rẹ̀ẹ́ títí dòní.

Àwọn sínióò kan tún máa ń gba oúnjẹ mi, wọ́n á ní kí n lọ pọnmi. Mi ò sọ ọ́ nílé torí wọ́n ní àwọn máa lù mí. Ìbéèrè bàbá mi yẹn náà ló tú u síta, torí mo sọ pé mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó lọ bá igbákejì pirinsípà ní ọ́fíìsì, ó bọ́ fìlà, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó darúkọ wọn, ó sì ní òun máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti gbọ́ ibi tí wọ́n bá a dé. Ó sì padà lọ. Ká ló lọ pariwo lórí ilẹ̀ àsẹ́ńbìlì ni, ojú ì bá máa tì mí dé SS 3.

Mà, tí káàdì táàmù àkọ́kọ́ bá dé tí ipò rẹ̀ já wálẹ̀, ẹ má fi ti pírámárì wé e. Àwọn tó ń gba ipò kìíní ní ilé-ìwé púpọ̀ ló kó jọ sínú kíláàsì kan.

Aránṣọ Ìgbógbó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, títí kan Bàbá Ìpakodò. Àdúrà ìyá ọkọ mi àti ọ̀rọ̀ tiyín jọra, mo gbọ́ ọ, sà.

Mo ti rán àpò yẹn. Mo wá fi kún ti àwọn ọmọ tí yunifọ́ọ̀mù wọn wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mi ò gba owó rẹ̀, mo kàn sọ ohun tó wà fún fún ìyá wọn. Bàbá rẹ̀ ti gbà sí fóònù tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, a máa lọ gba abẹ́rẹ́ yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lánàá mo ní kó wá bá mi tú ìránṣọ kan, mo wá bi í ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Mọ́mì, tí agogo bá lù tí mi ò mọ kíláàsì tí wọ́n ń lọ ńkọ́? Tí mo bá fẹ́ tọ̀ ńkọ́, ta ni mo máa bi?" Gbogbo bí mo ṣe ń ro Basic Technology, ilé ìtọ̀ ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Tíṣà, ṣé wọ́n lè jẹ́ ká wọ inú ọgbà yẹn kí wọ́n tó wọlé, kó kàn fojú rí i?

Tíṣà Ìṣirò

Wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹ mú ìwé tí wọ́n fi gbà á dání. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì máa ti dé. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí ọmọ mọ ibi tí kíláàsì JSS 1 wà, ilé ìtọ̀ obìnrin, ibi tí omi wà, àti yàrá tí wọ́n ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ. Òun ni kó bèèrè lọ́wọ́ wọn, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá ti lẹ orúkọ àwọn ọmọ mọ́ pátákó, ẹ wo A, B tàbí C tí wọ́n fi í sí, kó kọ ọ́ sínú ìwé. Kó wọ bàtà tuntun yẹn lọ, kó lè mọ̀ bóyá ó ń họ ọ́ lẹ́sẹ̀.